Ẹkùn Ara Ìgò

"Gbé ìgò náà sókè díẹ̀, kí wọ́n rí ẹkùn ara rẹ̀. Ó yá, sọ ọ́."

Ketaki gbé e mu, ó kọjú sí kámẹ́rà. "Akọni ló ń mu Vaghraj kó tó wọ pápá."

"Ó pé," ni Ọ̀gbẹ́ni Salunkhe, aṣojú ilé-iṣẹ́ Vaghraj, wí. "Bàtà ẹgbẹ́ yín ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ketaki, òun sì ni balógun àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe kàbádì níléèwé wọn, eré tí ènìyàn ti ń wọ àárín ọ̀tá lórí èémí kan ṣoṣo. Omi ẹlẹ́rìndòdò ló wà nínú ìgò yẹn. Àmọ́ gbogbo ìlú mọ̀ pé ọtí líle ni Vaghraj ń tà. Òfin ò gbà kí wọ́n polówó ọtí, ni wọ́n bá sọ omi lórúkọ ọtí, wọ́n sì ya ẹkùn pupa kan náà sára méjèèjì. Ketaki náà mọ̀. Bàtà ló dí i lójú.

Ìyá àgbà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Aaji, rí fídíò náà lórí fóònù.

"Ohun tó pa bàbá àgbà ẹ lò ń bá wọn kiri yẹn."

"Aaji, omi lásán ni mo mu o."

"Ìwọ mọ̀ pé omi ni. Àwọn tó ń wò ẹ́ ńkọ́?"

Ketaki rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ àgbà ò bá ṣẹ láàárọ̀, bó pẹ́ títí, á ṣẹ lálẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọmọ aládùúgbò sáré wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, Onkar ò dìde mọ́."

Onkar ni àbúrò Ketaki, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yìn oko ìrèké ni Ketaki ti bá a nílẹ̀, ara rẹ̀ tutù, èébì kún ẹnu rẹ̀. Á mí, á dá dúró, á tún mí. Ìgò ẹlẹ́kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti omi.

"Ta ló fún un?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré bú sẹ́kún. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi la ti mú un. A ní kí kálukú mu ún kó tó wọ pápá, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe. Onkar ló mu jù. Ó ní àbúrò yín lòun."

Ketaki yí Onkar sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má baà há a lọ́fun. Katakata tó ń kó ìrèké ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè gbàdúrà, èémí ọmọ náà nìkan ló ń gbọ́.

"Ká ní ẹ pẹ́ díẹ̀ sí i," ni nọ́ọ̀sì wí, "òkú lẹ ò bá gbé wá."

Ọjọ́ kejì ni Onkar lajú. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń jó mi lọ́fun. Mo rí i pé kì í jó yín, mo rò pé èmi ni mi ò le tó."

Omijé bọ́ lójú Ketaki. "Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Omi ni tèmi."

Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Salunkhe: "Ẹ yọ fídíò yẹn kúrò, kẹ́ ẹ sì wá kó bàtà yín." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú, àwọn kan ò tiẹ̀ kí i mọ́. Ó ṣe fídíò mìíràn, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra. Ọlọ́tí kì í lọ bá ọmọdé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ọmọdé fẹ́ràn ló máa ń rán. Bí wọ́n bá fẹ́ rán yín, ẹ kọ̀.