Pákó Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọ̀sán gangan ni Káfíńtà kú. Kò ṣàìsàn, kò ṣubú, ayùn ò gé e. Ó kàn gbé orí lé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹjú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ dé, ó jí i títí, kò dáhùn.

Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Ọ̀rẹ́ Mi. Ọmọ náà kò lè jókòó, áńbọ̀ǹtórí kó dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Aríran kan ti sọ pé ayé ló dì í lẹ́sẹ̀, pé bí ọwọ́ ọlọ́sibítù bá kàn án, yóò kú. Aránṣọ di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tó di okùn mú nínú kànga.

Wọn ò tíì pẹ́ sin òkú tán tí Gbọ́yìí-sọyìí, obìnrin ilé kejì, fi fa Aránṣọ sẹ́yìn ilé.

"Ìwọ náà gbọ́ igbe òwìwí lórí ìsọ̀ ọkọ rẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àbí o ò gbọ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ọkọ lọ, ọmọ rọ. Ta ló kù nínú ilé?"

"Ìyá ọkọ mi nìkan ni."

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ìwọ lo dárúkọ."

Láti ọjọ́ náà ni Aránṣọ ti ń ṣọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Àwọn aládùúgbò sọ fún un pé bó bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Àgbà á ti ilẹ̀kùn yàrá, igbe ọmọ á sì sọ. Lọ́jọ́ kan, ó ṣe bí ẹni tó ń lọ, ó pẹ̀yìn dà, ó yọjú lójú fèrèsé.

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ó di orúnkún ọmọ mú, ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ ń ké. Lẹ́yìn náà, ó fa pákó méjì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé wọn, ó sì fi aṣọ dì wọ́n pọ̀ ṣinṣin.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ẹni tó ń di ọmọ mi lẹ́sẹ̀!"

Àdúgbò rọ́ wọlé.

"Ìyàwó mi, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ ló..."

"Ẹ má dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ pa!"

Ariwo bo ohùn arúgbó náà mọ́lẹ̀. Gbọ́yìí-sọyìí ju pákó méjèèjì síná. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n olóògbé wá mú ìyá rẹ̀ lọ sílé àbúrò ìyá náà lẹ́yìn ìlú. "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ," ó ń wí, kò lè wojú rẹ̀, "kí wọ́n má bàa sọ òkò lù yín."

Oṣù márùn-ún kọjá. Ẹni tó ń dì í ti lọ, ṣùgbọ́n ńṣe ni ẹsẹ̀ ọmọ tún le sí i. Wíwẹ̀ di ogun, pátá ò ṣeé wọ̀ fún un mọ́. Aríran ní kí ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ sí i. Ó gbà á títí tí òòyì fi ń kọ́ ọ nídìí máṣínnì.

Níjọ́ kan, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, mà. Ìyá Àgbà tó máa ń gbé ọmọ wá lọ́jọ́bọ̀ dà? A ò rí wọn mọ́."

"Gbé ọmọ wá síbo?"

"Ọsibítù. Èmi ni mò ń tọ́jú iṣan àwọn ọmọ níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni bàbá rẹ̀ àti ìyá àgbà fi ń gbé e wá bẹ́ ẹ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ló gbẹ́ pákó tí a fi ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ká má tíì sọ fún yín, ó dọjọ́ tí ọmọ bá jókòó fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí i."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní ayé ló dì í lẹ́sẹ̀," Aránṣọ wí.

"Kò sẹ́ni tó dì í, mà. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò rí atẹ́gùn tó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bí i. Ó ti kù díẹ̀ kó jókòó ká tó máa wá a tì." Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó tẹ itan ọmọ wò níbí, ó tẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún. "Eegun itan ti yẹ̀. Àfi iṣẹ́ abẹ. A ò sì ní ẹni tó ń ṣe é níbí."

Aránṣọ ò sunkún. Ẹsẹ̀ ọmọ ò ṣeé yà pọ̀n mọ́, ọwọ́ ló fi gbé e dé ẹ̀yìn ìlú. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́. Ohun tó pa ọmọ mi, èmi ò mọ̀ ọ́n, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló bà ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Rárá. Ẹnu tó pè mí lájẹ́ ṣì wà níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹní. Ó gbé ọwọ́ Aránṣọ lé orúnkún ọmọ, ó gbé tirẹ̀ lé e. "Rọra. Má fi agbára ṣe é." Wọ́n jọ fà á. Orúnkún ò yà. Ọmọ figbe ta, Ìyá Àgbà sì mú ọwọ́ kúrò.

"Ṣé ká tún un ṣe, Màmá?"

Arúgbó náà wo ẹsẹ̀ méjèèjì títí.

"Fi aṣọ bò ó," ó ní. "Òtútù ń mú un."