Òórùn Inú Aṣọ Funfun

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Àná ni alágbàfọ̀ lé àbúrò rẹ̀ jáde; òní ni oníṣègùn eyín pè é lórí fóònù.

"Màmá, a ti wo àwòrán tí a yà. Eyín òkè yín kan lápá ọ̀tún ti kú, ó sì ti jẹrà. Gbòǹgbò rẹ̀ ti gbé ọyún wọ inú ihò egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Òórùn tí ẹ ní ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, inú orí yín ló ti ń wá."

Alágbàfọ̀ jókòó sórí korobá tí a dojú rẹ̀ dé. Lókè orí rẹ̀, àwọn aṣọ ìbora funfun ń mì lórí okùn, bí ẹni tó mọ ohun kan tí kò fẹ́ sọ.

Funfun-bí-Òwú ni àwọn oníbàárà ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ẹ̀rín ló fi ń dá a lóhùn: "Ẹni tó bá dọ̀tí ni kó wá ọṣẹ. Èmi ni mò ń fọṣọ fún ẹ̀yin ẹlẹ́ṣẹ̀."

Ní ọdún tó kọjá, eyín kan ń dùn ún. Ó fi iyọ̀ sí i, ó gbé oògùn mì. Nígbà tó yá, eyín náà dákẹ́. Ó ní, "Ó ti san." Kò san. Ó kú ni.

Lẹ́yìn náà ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára ìrọ̀rí, lẹ́yìn náà nínú omi mímu, níkẹyìn lára aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn: òórùn bí ẹran tí a gbàgbé sínú omi. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Orí fífọ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kì í ṣe òórùn. Òórùn, ó ti mọ ẹni tó ni ín.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló di ẹ̀bi òórùn náà rù. Ọmọbìnrin náà ń tún aṣọ kan náà fọ̀ títí awọ ìka rẹ̀ fi bó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn ọṣẹ nìkan ló wà níbí."

"Ṣé imú mi ló ń parọ́?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ imú yín ń dà lápá kan."

"Imú mi ló ń dà, ọwọ́ tìẹ ló ń rùn."

Lójú àwọn oníbàárà ló ti ju àpò ọmọ náà síta. Ọmọbìnrin náà ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ.

Oníṣègùn ṣì ń sọ̀rọ̀. "Màmá, ṣé ojú yín ti wú?"

Ó fọwọ́ kàn án. Ìpéǹpéjú ọ̀tún ti wúwo bí aṣọ tútù.

"Ẹ má sùn nílé lónìí. Ẹ máa bọ̀ báyìí. Ọyún náà kò jìnnà sí ojú, ojú kò sì jìnnà sí ọpọlọ."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, bá a níbẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Eyín tó bá kú kì í dunni mọ́," ni aránṣọ wí. "Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí ọkàn ṣe ń kú náà nìyẹn. Nígbà kan, tí o bá bú ènìyàn, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ. Lánàá o lé ọmọ ìyá rẹ, o sì sùn."

"Mo sùn," ni alágbàfọ̀ dáhùn. Ọ̀rọ̀ yìí bà á lẹ́rù ju ojú wíwú lọ.

"Wọ́n á yọ eyín fún ẹ. Ta ló máa yọ èyí tó kù lọ́kàn rẹ, bí kì í bá ṣe Jésù?"

"Ṣé Jésù rẹ yìí máa gba ẹni tó ń rùn?"

"Ṣé o rò pé mò ń ta sánsán nígbà tó gbà mí ni? Gbà pé ìwọ ni. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ tó dà sílẹ̀. "Jésù, èmi ni. Wẹ̀ mí mọ́."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni ò ń fi òórùn tìrẹ sùn? Ṣé ọkọ rẹ ni, àbí aládùúgbò? Bí ẹ̀ṣẹ̀ kò bá dùn ọ́ mọ́, má pè é ní àlàáfíà. Ohun tó bá ti jẹrà kì í dúró sójú kan. Ronú pìwà dà lónìí. Jésù kò ní lé ọ.

Obìnrin yìí kò dúró dọ̀la. Kó tó lọ sílé ìwòsàn, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá mú dé yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ aránṣọ, níbi tí àbúrò rẹ̀ sùn mọ́jú.

Ọmọbìnrin náà dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín."

"Fi ojú sílẹ̀. Mo ti fi ara mi fún Jésù, n ò sì mọ̀ bóyá màá ti ọ̀hún dé. Ojú àwọn oníbàárà ni mo ti lé ẹ. Wọ́n wà níta báyìí. Ojú wọn náà ni màá ti sọ ọ́ kí n tó wọkọ̀: kì í ṣe ìwọ ló ń rùn, èmi ni."