Àdúrà Mummy Lórí Papa Obed

Fóònù Moráyọ̀ kò yéé gbọ̀n nínú àpò ẹ̀wù ilé-ìwé rẹ̀. Ó dúró sí ibùdókọ̀ Beresford Square ní Ìlú Ọba. Bọ́ọ̀sì ń kọjá, kò wọ ọ̀kankan.

"Zion, jọ̀ọ́, delete fídíò yẹn!" ló ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

"Mo ti delete ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti share ẹ̀. Allow it, Mo, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè, sọ pé online lo ti rí i."

Ẹnu ẹyẹ ló ń pa ẹyẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iṣẹ́ ìtàn ní kíláàsì ni kí olúkúlùkù sọ̀rọ̀ lórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tó gbòmìnira. Moráyọ̀ mú Kóńgò. Ó sọ bí rògbòdìyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Léopoldville lẹ́yìn òmìnira 1960, bí wọ́n ṣe yọ olórí ìjọba nípò, tí àwọn ṣọ́jà sì ń wá àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ láti ilé dé ilé. Àwọn ọmọ kíláàsì ń yán. Ojú ń pọ́n Moráyọ̀ fún ìyìn, ló bá fi iyọ̀ sí i.

"Mo mọ bàbá kan ní Glyndon Estate níbí, Papa Obed. Ọmọdé ni ní Léopoldville nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà dé, òun gan-an ló nawọ́ sí òkè àjà tí bàbá rẹ̀ sá pamọ́ sí. Wọ́n mú bàbá náà lọ, kò padà wálé mọ́."

Kò sẹ́ni tó ń yán mọ́. Zion sì ti ń ya fídíò.

Níbo ló ti gbọ́ ọ? Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni màmá rẹ̀ ń ṣe; òun ló ń tọ́jú Papa Obed, òun ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Aládùúrà ni Mummy, kì í sì í fi ẹnu kékeré gbàdúrà. Nínú àdúrà ilé, orúkọ gbogbo arúgbó tó ń tọ́jú àti àṣírí tí wọ́n sọ fún un ló ń kà sí Ọlọ́run létí, débi pé aládùúgbò á fẹ́ẹ̀ ṣe àmín. Bí ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ bá gbọ́ èyí, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ó parọ́ ni, àbí kí ó nawọ́ sí ìyá rẹ̀? Ó forí lé Glyndon, ó kan ilẹ̀kùn Papa Obed, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ-ọmọ mi ti fi fídíò náà hàn mí," ni Papa Obed wí. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

Irọ́ Zion ti dé ẹnu Moráyọ̀. Ó gbé e mì. "Papa, ẹ má bínú sí Mummy mi. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún yín tí mo gbọ́. Èmi ni mo gbé e jáde, torí kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Àwọn tó bi èmi léèrè, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn," bàbá náà wí jẹ́ẹ́. "Ìwọ ńkọ́, ta ló na ìbọn sí ọ?"

Moráyọ̀ bú sẹ́kún.

Papa Obed kò pe ọ́fíìsì. Nígbà tí Moráyọ̀ sọ fún un, Mummy fúnra rẹ̀ ló lọ jẹ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un gidigidi, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó mìíràn ní Thamesmead. Ẹni tí Papa kò mọ̀ rí ló ń wẹ̀ ẹ́ báyìí. Nínú àdúrà ìrọ̀lẹ́, Mummy rẹ ohùn sílẹ̀: "Olúwa, rántí bàbá kan. Ìwọ mọ orúkọ wọn."

Moráyọ̀ ṣe àmín, ojú sì tì í. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹyin lohùn; bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àṣírí ẹlòmíràn kì í ṣe iyọ̀ tí a fi ń mú ọ̀rọ̀ tiwa dùn.