Ìṣínu Yàrá Mẹ́ta

Alíhàjì Abdulmumini kò ṣàìsàn kan tí èèyàn lè dárúkọ. Ó jẹ sààrì, ó kírun àárọ̀, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, ó sì sùn sórí ẹní. Kí oòrùn tó mú, ó ti di olóògbé. Kí wọ́n tó ṣínu lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sin ín. Ọkùnrin tó ń ta iṣu ní ọjà Ìpàtà láti ìgbà èwe rẹ̀, tí kì í jókòó sójú kan! Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Bẹ́ẹ̀, bí a kò bá mọ ohun tó pa èèyàn, ẹnu ayé kì í pẹ́ rí ẹni tó pa á.

Ìyá Qasim lẹnu ayé rí. Òun ni ìyáálé ilé, Hajarat lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti dàgbà, Qasim ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn yàrá rẹ̀ tí òwìwí máa ń bà lé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹyẹ náà bá ti ké, Bilkisu, ìyàwó kejì, a tutọ́, a ní, "Ẹgbẹ́ ń pe ẹgbẹ́." Oyún méjì ló ti bà jẹ́ lára Bilkisu, ojú ìyáálé ló sì ń wò lórí rẹ̀.

Hajarat kò dá a lóhùn rí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Opó tó ń ṣe rẹ̀ ẹ́, ẹkún rẹ̀ ẹ́, bí gbogbo ilé ṣe ń dákẹ́ bó bá ti yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wá rẹ̀ ẹ́ jù.

Nígbà tí àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ ku ọ̀la, Abdulsobur, àbúrò olóògbé, wọlé. Kò jókòó.

"Ìyá Qasim, ẹbí ti sọ̀rọ̀. Bí a bá ti ṣàdúrà tán lọ́la, ẹ máa lọ bá ọmọ yín ní Kàdúná."

"Ọkọ mi, opó ni mí. Ṣé opó a máa jáde nílé ọkọ rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé?"

"Opó tó pọkọ ẹ̀ ńkọ́?" Bilkisu ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. "Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ẹyẹ ń wá lẹ́yìn yàrá wọn! Wọlláì, n kò ní bá àjẹ́ gbé abẹ́ òrùlé kan!"

"Bilkisu, èmi ni mo gbà ọ́ wọlé yìí. Orí ẹní mi lo kọ́kọ́ jókòó sí."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ."

Abdulsobur wolẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú. "Ó di ọ̀la, Ìyá Qasim," ó wí, ó sì bọ́ síta. Hajarat wo ògiri ilé tó ti ń gbé láti ọmọge. Ibo ni yóò wá gbé arúgbó yìí lọ? Ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ? Orúkọ àjẹ́ á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ lórí fóònù.

Lẹ́yìn ìṣínu, ó gbé kẹ́tùlù lọ sẹ́yìnkùlé láti ṣe àlùwàlá. Òwìwí ké. Ẹ̀gbẹ́ kànga ló ti rí òjìji méjì tí wọ́n forí korí.

"Gbé e mu kíá," ohùn kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Gbogbo ẹ̀ ni kó o mu. Má sọ fún ẹnì kankan."

Áà, ìpàdé wo tún nìyí? Ẹni tí wọ́n ń pè lájẹ́ ló wá ń bẹ̀rù àjẹ́. Ó sún mọ́ wọn. Bilkisu ni, òun àti Ummu-Kulthum, ìyàwó kékeré, olóyún. Ife ti dé ẹnu Ummu-Kulthum. Òórùn rẹ̀ gba imú Hajarat, ó sì mọ òórùn náà. Kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá ife náà dànù.

"Yéè! Ẹ gbà wá o!" Bilkisu figbe ta. "Àjẹ́ ti dé! Oyún Ummu ló kàn!"

Ilé tú jáde. Abdulsobur sáré wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Modúpẹ́, nọ́ọ̀sì ará Òmù-Àrán tó háyà yàrá iwájú, tan iná fóònù.

"Ummu, sọ ohun tó wà nínú ife fún wọn," Hajarat wí.

Ummu-Kulthum ti ń sunkún. "Ìyáálé, n kò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ tí Alíhàjì ti kú. Inú mi le gbagidi. Ojú ló ń tì mí. Àǹtí Bilkisu ló ní àwọn á bá mi wá nǹkan sí i."

"Asùnwọ̀n ni," Bilkisu wí. "Àbí ewé tí gbogbo ayé fi ń mú inú rọ̀ ti di májèlé? Òun náà ni mo fi tọ́jú Alíhàjì nígbà tí inú wọn há nínú ààwẹ̀ yìí."

Modúpẹ́ yíjú sí i. "Ẹ fún Bàbá ní asùnwọ̀n? Ìgbà mélòó?"

"Gbogbo ìṣínu. Mo sè é kó ki dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Àǹtí," Ummu-Kulthum wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "èmi náà fún wọn. Inú tíì ni mo máa ń rẹ ẹ́ sí."

Ta ni kò mọ bí Alíhàjì ṣe ń ṣínu? Omi àti èso dàbínù ní yàrá ìyáálé, kókó àti àkàrà ní yàrá Bilkisu, tíì ní yàrá ìyàwó kékeré, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fojú kéré tòun. Ohun tí wọ́n bá gbé fún un, yóò mu ún tán. Ohun tó bá mu ní yàrá kan, kò ní sọ ọ́ ní yàrá kejì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́," Modúpẹ́ wí. "Ó sì tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó ń mú un tọ̀. Ara ẹ̀ ń gbẹ, ààwẹ̀ ò sì jẹ́ kó mu omi lójú ọ̀sán. Ó jọ pé omi ló tán lára ẹ̀ tó fi kú."

"Ó sọ fún mi pé inú ń yọ òun lẹ́nu," Abdulsobur wí. "Ó ní òun ń lọ sí ṣáláńgá ṣáá. Mo ní kó fara dà á. Mo ní ààwẹ̀ ló ń fọ inú ẹ̀."

Bilkisu jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Hajarat lè dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ti parí, ilé di tirẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò sì máa bẹ̀ ẹ́.

"Èmi náà fún un," ó wí. "Ife kékeré, alẹ́ méjì péré. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: ewé díẹ̀, omi púpọ̀, bí kò bá sì yéé há, kéèyàn gba ilé ìwòsàn lọ. Mo mọ̀ ọ́n lò. N kò kọ́ yín. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tèmi nìkan ni yóò ti rí ìtura."

Ó yíjú sí Ummu-Kulthum. "Ìwọ, má mu asùnwọ̀n pẹ̀lú oyún. Máa mu omi dáadáa, kó o jẹ ìbẹ́pẹ pípọ́n. Lọ́la, kí Nọ́ọ̀sì mú ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún. Má gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú òkùnkùn mọ́, kódà èmi."

Abdulsobur ṣí fìlà. "Ìyá Qasim, ẹ má lọ mọ́."

Òwìwí tún ké lórí máńgòrò, kò sì sẹ́ni tó tutọ́. Hajarat ń retí kí Bilkisu pè é lájẹ́, kí òun lè rí ẹni tí òun yóò bá jà. Bilkisu dìde nílẹ̀, ó he kẹ́tùlù, ó fa omi sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí ìyáálé rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè kírun.