Ohun tí Odessa Dárúkọ

Fìlà aláwọ̀ ìyeyè ni Cletus kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ní Birmingham ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ti gba ṣọ́ọ̀ṣì wá sí pápá tààrà. Cletus Hargrove ló ń ju bọ́ọ̀lù, ọwọ́ rẹ̀ sì gbóná débi pé kò tíì sí alátakò kan tó fi igi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́. Èèwọ̀ ni nínú eré bésíbọ́ọ̀lù: ohun rere tí kò tíì parí, a kì í dárúkọ rẹ̀.

Àfi onífìlà. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

“Ẹ wò ó! Wọn ò tíì gbá ìkankan!”

“Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè!” bàbá kan pariwo. Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá a fò kọjá ògiri.

Lẹ́yìn eré, Cletus wá a kàn. “Ọmọge, ta ló rán ọ sí mi?”

“Ṣé ẹnu mi ló ju bọ́ọ̀lù ni?” Odessa Pruitt fún un lésì.

Ẹ̀rín pa Cletus, ìfẹ́ sì wọlé. Ayé dùn mọ́ wọn títí ìjọba fi pe Cletus sógun.

Bàbá Odessa, tó ń yọ́ irin, pè é jókòó. “Kí lo fẹ́ sọ nípa ọmọ mi kó o tó lọ?”

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà lẹ́nu Cletus, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èèwọ̀ bà á. “Ẹ jẹ́ kí n dé ná, sà.”

“Ọmọ asìnkú tóun náà ń fẹ́ ẹ ti sọ tiẹ̀ o!” Bàbá fèsì.

Odessa, tó ń gbọ́ wọn, fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnu rẹ̀ ti kó Cletus sí wàhálà rí.

Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Cletus ti ń wa ọkọ̀ tó ń kó ọta ìbọn, èérún bọ́ǹbù wọ̀ ọ́ léjìká apá tó fi ń ju bọ́ọ̀lù. Ó dé láàyè, ṣùgbọ́n apá yẹn ò lè ga kọjá etí mọ́. Ojú tì í, ó ń sá fún Odessa. “Kí ni n óò fi bọ́ ọ?” ló ránṣẹ́.

“Èmi náà lọ́wọ́ méjì. Máa bọ̀!” Kò wá.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní kó wá ju ẹyọ eré kan, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ṣì wúlò. Ó ń jù ú jẹ́jẹ́, bọ́ọ̀lù ń yí, ó ń tàn wọ́n jẹ. Eré ń lọ sópin, wọn ò tíì gbá ìkankan! Gbogbo wa pa ẹnu mọ́ nítorí èèwọ̀. Òun náà dúró, ó di bọ́ọ̀lù mú, ó ń wo fìlà ìyeyè kan.

Bàbá Odessa fọwọ́ tọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ asìnkú ló jókòó tì wọ́n. “Mo ní òní ni kó o fún wa lésì. Kí ni kí n sọ fún un?”

Odessa dìde.

“Odessa, jọ̀ọ́!” gbogbo wa bẹ̀ ẹ́.

“Cletus Hargrove! Fẹ́ mi!”

Cletus rìn wá sídìí ọgbà, ó ṣí fìlà. “Bàbá, ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Odessa.”

“Ṣé ogun ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ?” Bàbá rẹ́rìn-ín. “Mú un. Aláriwo ni ẹ̀yin méjèèjì.”

Cletus padà lọ ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbá a, ó fò kọjá ògiri. Gbogbo wa ké “Yéè!” Cletus nìkan ló ń wò ó lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.