Ohùn Ìyá Philemon

Ìyá Philemon gbé fóònù Ìdáraolúwa súnmọ́ ẹnu, ó ń gba ohùn sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní èdè Ìkálẹ̀. "Philemon, má lọ. Gbogbo ohun tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ ìjà wa, dárí jì mí. Padà wálé."

Ọjọ́ Ajé ni. Wọ́n ti ta á lólobó pé ní Ọjọ́bọ̀, Philemon fẹ́ kúrò ní Kánò, kó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Kì í gbé ìpè ìyá rẹ̀. Ni màmá bá bẹ Ìdáraolúwa, ọmọ àdúgbò wọn ní Àyèká, pé kó fi ohùn òun ránṣẹ́ sí i kíákíá. Ọmọ náà ní kò burú.

Àmọ́ orin ti gba ọmọ yìí lọ́kàn pátápátá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìkànnì kan lórí ayélujára máa ń to àwọn orin tuntun jọ: orin ijó bíi fọ́ńkì àti háòsì, àti èyí tó ń lọ pẹ̀sẹ̀. Ọjọ́rú ni wọ́n ń gba orin mọ. Ó ti ṣe bíìtì háòsì kan, ìlù orin lásán, sórí fóònù rẹ̀, ohùn ènìyàn nìkan ló kù. Ohùn màmá sì bá a mu wẹ́kú. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bíìtì, ó ní tí òun bá parí orin, òun á jíṣẹ́. Háà, ọmọ yìí! Nǹkan tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ!

Ní Sátidé, orin náà jáde. Charity, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń fò sókè, ó ní, "Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú orin yìí ná?"

Ìgbà náà ni Ìdáraolúwa rántí pé òun kò tíì jíṣẹ́ màmá, Ọjọ́bọ̀ sì ti kọjá. Ó fi ohùn náà ránṣẹ́, kò lọ. Ó pe nọ́ńbà Philemon, wọ́n ti pa fóònù náà.

Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó jẹun. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú màmá, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ní kó tan orin náà. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Àwọn tí mi ò bí ti gbọ́ mi," ló wí. "Ọmọ tí mo bí ńkọ́?"

Ìdáraolúwa ti yọ orin náà kúrò. Àràárọ̀ ló ń pe nọ́ńbà yẹn kó tó lọ sílé ìwé, ìpè náà kò tíì wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀bùn yín dára, ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan bá fi lé yín lọ́wọ́, tiẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ kọ́kọ́ jíṣẹ́ tí wọ́n rán yín ná.