Ta Ló Bó Irun Bàbá?

Àbúrò ìyá mi tó ń ta ọ̀dà ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan.

Àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà ya Bàbá, olóògbé kan, ló wà lára ògiri pálọ̀ ìdílé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jí, wọ́n bá irun orí Bàbá inú àwòrán náà nílẹ̀, ó ti bó wéléwélé bí èèpo àlùbọ́sà. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fi igbe bọnu, ó ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Onímú, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí imú rẹ̀ máa ń dé ibi ọ̀ràn ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ rọra o," ni àkọ́bí wí bí Onímú ṣe ń wọlé, "ẹ má fara kan ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní dúdú." Ó nawọ́ sí ìyàwó kékeré Bàbá, tó jókòó ti àpò ẹrù rẹ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀bẹ ló fi họ ọ́. Lónìí ni yóò kúrò nílé yìí!"

"Ìyá Kékeré, ṣé ẹ̀yin lẹ họ ọ́?"

"Ọ̀gá, orí tí mo ń fi òróró pa títí ọlọ́jọ́ fi dé, ṣé òun ni mo máa wá họ?"

Onímú sún mọ́ àwòrán. Kò sí ipa ọ̀bẹ kankan níbi tí irun ti bó. Orí ló ń dán gbinrin níbẹ̀. Ó ṣa èépá kan nílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ayàwòrán wá.

"Irun kẹ̀? Apárí ni mo yà, sà! Ọ̀dà elépo gidi, lórí aṣọ tó nípọn. Ọmọ ọmọ wọn á bá a níbẹ̀. Ta ló fi ọ̀dà ògiri ba iṣẹ́ mi jẹ́?"

Onímú yíjú sí àkọ́bí. "Kò sẹ́ni tó họ ọ́. Ọ̀dà olómi kì í di ọ̀dà elépo mú. Bó bá gbẹ, á ká kò, á já bọ́. Òórùn èépá yìí àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, ọ̀kan náà ni. Kòkòrò wà lára ẹ̀fọ́ lóòótọ́, àǹtí."

Àkọ́bí bú sẹ́kún. "Àwọn àna mi ló ń bọ̀ ni mo ṣe kun irun sí i! Ṣé kí wọ́n wá bá Bàbá ní apárí? Mo rò pé Ìyá Kékeré rí irun náà ló bínú họ ọ́ ni."

"Mo rí i," Ìyá Kékeré dáhùn. "Mo rò pé ojú ló ń dùn mí ni."

"Ìyá Kékeré mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́," ni àkọ́bí bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Kékeré gbé àwòrán kúrò lára ògiri, ó fi etí ìró rẹ̀ nu orí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin ni orí yìí ń tì lójú. Èmi, òun ni mo fẹ́."

Ó gbé e há abíyá, ó mú àpò rẹ̀, ó bọ́ sójú títì. Orí Bàbá ń kọ mànà nínú oòrùn. Kò wẹ̀yìn.